Ẹ̀wà Tí Wọ́n Fi Ń Bú Mi

Nínú ẹbí ọkọ mi, ẹran ni wọ́n fi ń mọ ẹni tó jẹ́ èèyàn. Bí wọ́n bá gbé oúnjẹ fún ọ lọ́dọ̀ wọn, má wulẹ̀ wo ojú ẹni tó gbé e wá. Ẹran tó wà lórí rẹ̀ ni kí o wò, òun ni yóò sọ ipò tí wọ́n tò ọ́ sí. Mo ti rí i níbẹ̀ tí ẹran bo ìrẹsì mọ́lẹ̀ nínú abọ́ bàbá kan tí kò ní eyín tí yóò fi jẹ ẹ́ tán, tí àwọn ọmọ ilé sì ń fa pọ̀nmọ́ kan ya mọ́ ara wọn lọ́wọ́ lẹ́yìn ilẹ̀kùn. Kò sí ẹni tí ọ̀rọ̀ náà jọ lójú. Wọ́n ní àgbà ló ń jẹ ẹran, pé ọmọdé tí ẹran bá ti mọ́ lẹ́nu, olè ni yóò dà. Mo máa ń wo àwọn àgbà tó ń sọ ọ́ bí òróró ṣe ń dán létè wọn, màá sì máa bi ara mi pé ta gan-an ni olè nínú ọ̀rọ̀ yìí.

Ibẹ̀ ni wọ́n ti tọ́ ọkọ mi. Oníṣẹ́ iná ni. Nígbà tí mò ń sọ yìí, ó ń bá ilé iṣẹ́ kan tó ń kọ́lé ṣiṣẹ́ ní Lẹ́kkí Free Zone, èmi sì ń ṣe akọ̀wé ní ọ́fíìsì kan ní Oníru. Yàrá kan àti pálọ̀ là ń gbé pẹ̀lú àwọn ọmọ wa mẹ́ta ní Ajah, lẹ́yìn ọjà, níbi tí omi òjò ti máa ń wọlé wá kí èèyàn láì kan ilẹ̀kùn. Kò dán mọ́rán, ṣùgbọ́n à ń jẹ, à ń mu. Ìgbà tó yá ni ilé iṣẹ́ wọn dá iṣẹ́ dúró. Wọ́n ní kí gbogbo wọn máa lọ sílé, àwọn á pè wọ́n. Ọkọ mi délé, ó gbé fóònù rẹ̀ sórí tábìlì, ó sì ń wò ó. Owó oṣù tèmi, tó jẹ́ pé aṣọ ọmọ àti owó ọkọ̀ ni mo fi ń ṣe tẹ́lẹ̀, wá di ohun tí gbogbo wa ń jẹ.

Ó gbìyànjú díẹ̀, n kò ní purọ́ mọ́ ọn. Ó gbà pé ká má sanwó tẹlifíṣọ̀n mọ́. Ó gbà pé ká ta jẹnẹrétọ̀. Ó sì gbà, kò tilẹ̀ bá mi jiyàn, pé kí n máa bọ́ sílẹ̀ láàárín ọ̀nà kí n fi ẹsẹ̀ rin ìyókù nígbà tí mo bá ń ti ibi iṣẹ́ bọ̀. Ẹran nìkan ni kò gbà. Bí ọbẹ̀ bá dé iwájú rẹ̀ tí kò sí ẹran nínú rẹ̀, á máa fi ṣíbí tú u kiri bí ẹni tí òrùka rẹ̀ já sínú omi. Lẹ́yìn náà á mí kanlẹ̀. Torí ìmíkanlẹ̀ yìí ni mo ṣe ń ra ẹran. Bí mo bá ra ẹran tán, ohun tó ń kù fún àwọn ọmọ kò ju gàrí, ìrẹsì àti ata tí wọ́n fi òróró dín.

Ara ọmọbìnrin wa tó kéré jù ló ti kọ́kọ́ hàn. Irun rẹ̀ ń pọ́n, ó sì ń fẹ́lẹ́. Ó máa ń jókòó nígbà tí àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ bá ń sáré. Mo gbé e lọ sí ilé ìwòsàn ìjọba. Nọ́ọ̀sì tó wọ̀n ọ́n fa ìpéǹpéjú rẹ̀ sílẹ̀, ó wo inú ojú rẹ̀, ó fọwọ́ ra irun rẹ̀.

"Kí ló ń jẹ nílé?" ó bi mí.

Mo ní ó ń jẹ ìrẹsì, ó ń jẹ ẹ̀bà, ó ń mu ẹ̀kọ ní àárọ̀. Mo wá fi kún un pé, "A máa ń se ẹran náà, mà."

"Ta ló ń jẹ ẹ́?"

Mo bẹ̀rẹ̀ sí í di bọ́tìnnì ẹ̀wù ọmọ náà. Nọ́ọ̀sì ń kọ ìwé rẹ̀ lọ. Ó ní kí n má lọ ra oògùn agbára kankan, pé owó mi nìkan ni àwọn tó ń tà á lẹ́nu ọ̀nà ń wá. Ẹ̀wà ni, ẹyin ni, ẹja ni, ẹ̀pà àti ẹ̀fọ́. Kí ọmọ máa rí i jẹ lójoojúmọ́, kì í ṣe ọjọ́ tí inú wa bá dùn.

Mo gbé ọmọ sórí ẹsẹ̀ nínú ọkọ̀ kòrópe bí a ṣe ń padà bọ̀ wálé, inú sì ń bí mi débi pé n kò gbọ́ nígbà tí kọ̀ǹdọ́ ń bèèrè owó. Nọ́ọ̀sì kọ́ ló bí mi nínú. Mò ń wo ẹran tí mo ti rà láti ìgbà tí iṣẹ́ ti dúró bí ẹni pé wọ́n tò ó síwájú mi, mo sì ń wo ẹnu tó gbé e mì. Kí a tó dé ibùdókọ̀ wa, mo ti pinnu. Owó ọwọ́ mi kò ní pọ̀ sí i, ṣùgbọ́n ẹran ti tán nílé mi.

Bí mo ṣe ń ṣe é nìyí. Láàárọ̀ Sátidé, màá lọ sí etí omi ní Bádòrẹ̀, lọ́dọ̀ ìyá àgbàlagbà kan tí ọkọ rẹ̀ àti àwọn ọmọ rẹ̀ ń pẹja. Etí omi yẹn ni wọ́n bí ìyá rẹ̀ sí, kí ẹnikẹ́ni tó mọ̀ pé èèyàn lè fi yanrìn di omi kí ó sì pè é ní ẹ̀sìtéètì. Àwọn tó ń gbé mọ́tò wá ń ra ẹja ńlá lọ́wọ́ rẹ̀. Èmi ń ra àwọn wẹ́wẹ́ tí wọ́n yọ sọ́tọ̀. Mo máa ń yan wọ́n gbẹ lórí àdògán, màá gún wọn pẹ̀lú edé, tòun ti orí àti egungun wọn, títí yóò fi kúnná. Ìyẹn ń wọ inú ẹ̀kọ, ó ń wọ inú ẹ̀wà, ó ń wọ inú ẹ̀fọ́. Mo da ẹ̀wà sóyà mọ́ àgbàdo ògì, mo gbé e lọ lọ̀. Ẹyin tó ti sán, tí àwọn oníṣọ́ọ̀bù kò fẹ́ tà fún oníbàárà wọn, mo bá obìnrin tó ń kó ẹyin wá sí àdúgbò wa sọ̀rọ̀, ó ń kó o fún mi ní ẹ̀dínwó. Ẹ̀wà máa ń sùn nínú omi kí ó tó kan iná, kí gáàsì ìdáná má baà tètè tán. A máa jẹ àdàlú lọ́jọ́ kan, mọ́ínmọ́ín lọ́jọ́ kejì, ẹ̀bà pẹ̀lú gbẹ̀gìrì àti ẹ̀fọ́ tẹ̀tẹ̀ lọ́jọ́ kẹta. Bí mo bá rí ẹja odindi rà, àwọn ọmọ ni mo kọ́kọ́ ń bu fún. Ohun tó bá kù ni àgbà ń jẹ.

Ọkọ mi kò bá mi jà. Ìjà ì bá tilẹ̀ dára. Ó dákẹ́ ni. Á jẹ oúnjẹ náà tán, á gbé abọ́ sílẹ̀ jẹ́ẹ́, á kọjú sí ògiri. Ọkùnrin tó dàgbà, tó ní irùngbọ̀n, tó bí ọmọ mẹ́ta, ló ń bá ẹ̀wà yan odì. Mo fi í sílẹ̀ kí àwọn méjèèjì parí ọ̀rọ̀ ara wọn.

Inú ipò yìí la wà tí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ọkùnrin fi dé.

Bùrọ̀dá ni gbogbo wa ń pè é. Ó gbé báàgì kan dání, ó ní òun mọ máníjà kan ní Free Zone, pé iṣẹ́ òun ti délẹ̀, ìpè nìkan ló kù. Fóònù wá di méjì lórí tábìlì. Àga kan ṣoṣo tó nípọn ní pálọ̀ wa, ibẹ̀ ló jókòó sí, kò sì fẹ́rẹ̀ẹ́ dìde níbẹ̀ mọ́ bí kò bá ṣe láti jáde lọ kí àwọn ọ̀rẹ́. Àdàlú ni mo gbé fún un lọ́jọ́ tó dé. Ó fi ṣíbí tú u wò.

"Ìyàwó, ẹran dà?"

"Kò sí ẹran, Bùrọ̀dá. Ẹja wà nínú rẹ̀, mo gún un mọ́ ọn ni."

"Ẹja tí ojú kò rí," ó ní, "ṣé ẹja náà nìyẹn?" Ó yíjú sí ọkọ mi. "Àbúrò, ṣé ọgbà ẹ̀wọ̀n lo wà ni?"

Ọkọ mi rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín yẹn dùn mí ju ọ̀rọ̀ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ lọ.

Láti ọjọ́ yẹn ni ọ̀rọ̀ ẹlẹ́wọ̀n kò ti kúrò lẹ́nu rẹ̀. Bí mo bá ń gbé abọ́ bọ̀, á kí mi pé, "Wọ́dà, ẹ kú iṣẹ́." Bí ó bá rówó díẹ̀ lọ́wọ́ ọ̀rẹ́, yóò ra súyà, á jókòó sí ẹnu ọ̀nà lójú àwọn ọmọ, á máa jẹ ẹ́ láti inú ìwé ìròyìn, á fi àlùbọ́sà sílẹ̀ fún wọn. Ohun tó ń pa mí lẹ́rìn-ín ni pé ẹ̀wà yìí kan náà ni àwọn ọ̀dọ́mọbìnrin ọ́fíìsì wa ní Oníru ń rà nínú ike, pẹ̀lú ewé méjì lórí rẹ̀, ní iye tí n kò ní dárúkọ, torí wọ́n fẹ́ẹ́ tín-ín-rín. Wọ́n máa ń jẹ ìdajì, wọ́n á da ìdajì nù. Wọn kò sàn ju Bùrọ̀dá lọ lójú mi. Kò sí èyí tó mọ ohun tí oúnjẹ wà fún nínú wọn.

Mo lè fara da ẹnu. Ọwọ́ ni n kò lè fara da. Mo ti ń ṣàkíyèsí pé oúnjẹ inú ìkòkò máa ń dín kù sí bí mo ṣe fi í sílẹ̀. Ọjọ́ kan, mo pọ́n mọ́ínmọ́ín sínú ewé kí n tó lọ síbi iṣẹ́. Mo fi ẹyin sí i, mo fi ẹja sí i, mo sọ fún àkọ́bí mi pé tí wọ́n bá ti iléèwé dé, kí wọ́n jẹ ẹ́ pẹ̀lú ẹ̀kọ, kí wọ́n sì ṣẹ́ díẹ̀ kù di ọjọ́ kejì. Ìrọ̀lẹ́ ni mo dé. Àwọn ọmọ ń fi omi rẹ gàrí. Ewé mọ́ínmọ́ín kún inú garawa ìdọ̀tí dé ẹnu.

"Ta ló jẹ mọ́ínmọ́ín?" mo bi wọ́n.

Àkọ́bí mi wo ẹnu ọ̀nà kí ó tó dáhùn. Ó ní àwọn ọ̀rẹ́ Bùrọ̀dá ló wá, pé Bùrọ̀dá ní kí òun gbé gbogbo ìkòkò náà wá sí pálọ̀.

Bùrọ̀dá wà lórí àga. Kò tilẹ̀ dìde jókòó dáadáa. "Àlejò ni mo gbà, Ìyàwó," ó ní. "Ṣé o fẹ́ kí àwọn èèyàn sọ pé kò sí oúnjẹ nílé àbúrò mi?"

"Oúnjẹ ẹlẹ́wọ̀n lẹ gbé fún àlejò, Bùrọ̀dá?"

"Ṣé èmi lò ń bá sọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀?"

"Ẹ̀yin ni. Tí ẹ bá tún fẹ́ gbàlejò, ẹ ra ẹ̀wà tí ẹ ó fi gbà á. Ti àwọn ọmọ ni èyí."

Ọkọ mi wà ní yàrá. Mo mọ̀ pé ó gbọ́, torí mo gbọ́ tí bẹ́ẹ̀dì ké. Kò jáde.

Kí n tó ṣẹ́jú, Bùrọ̀dá ti pe ẹ̀gbọ́n wọn obìnrin, Àǹtí, tó jẹ́ àkọ́bí ilé wọn, tó ń gbé ní Thomas Estate. Ìròyìn tó sọ fún un ni pé mo ń febi pa àbúrò òun. Àǹtí ní òun ń bọ̀ lọ́jọ́ Sọ́ńdè, lẹ́yìn ìsìn.

Aṣọ funfun ló wọ̀ wá, pẹ̀lú ẹsẹ̀ lásán, bí wọ́n ṣe ń ṣe ní ìjọ wọn. Ó gbé kúlà dání. Mo kúnlẹ̀ kí i, ó dáhùn láìwo ibi tí mo wà. Ó jókòó, ó ṣí kúlà náà, òórùn ọbẹ̀ ẹran gba pálọ̀. Àwọn ọmọ mi mẹ́tẹ̀ẹ̀ta dúró ti ògiri.

"Ìyàwó, n kò wá jà," ó ní. "Mo kàn fẹ́ mọ ohun tí àbúrò mi fi ṣẹ̀ ọ́ tí o fi ń fi ẹ̀wà jẹ ẹ́ níyà ni."

Bùrọ̀dá fa ohùn rẹ̀ sílẹ̀ bí aláìsàn. "Kì í ṣe ẹjọ́, Àǹtí. Mo kàn ní kí ẹ gbọ́ ni. Kò sí bí ọkùnrin á ṣe máa jẹ ẹ̀wà lójoojúmọ́ tí orí rẹ̀ á pé."

"Mo ti rí i," Àǹtí ní, ó sì ní kí n gbé abọ́ wá.

Ó pín ẹran náà fúnra rẹ̀. Èyí tó tóbi jù, tó ní ọ̀rá, ó fún Bùrọ̀dá. Ó fún ọkọ mi. Ó bu tirẹ̀. Ó wá tú inú kúlà wò, ó mú pọ̀nmọ́ kan jáde, ó gé e sí mẹ́ta, ó fi fún àwọn ọmọ. Ọmọbìnrin mi kékeré gba tirẹ̀ pẹ̀lú ọwọ́ méjèèjì, ó fi orókún kanlẹ̀ dúpẹ́. Mo ń wo ọrùn rẹ̀ tó tín-ín-rín bó ṣe ń dúpẹ́. Mo wo àwọn àgbà mẹ́ta tí wọ́n ti ń jẹun, tí ọ̀kan nínú wọn jẹ́ bàbá rẹ̀. Ìbínú mi ti kọjá. Ohun tó kù ni pé mo rí wọn bí wọ́n ṣe kéré tó.

Mo ní, "Àǹtí, ẹ ṣeun fún ẹran. Mo ní ọ̀rọ̀ kan. Bùrọ̀dá kò lè jẹ ẹ̀wà, èmi ò sì lè ra ẹran. Ẹran wà nílé yín, yàrá sì wà nílé yín. Ẹ jẹ́ kí wọ́n bá yín lọ lónìí. Màá bá wọn di ẹrù."

Kò sí iná, fáànù dúró, a sì ń gbọ́ bí wọ́n ṣe ń fọ abọ́ nílé kejì. Bùrọ̀dá wo Àǹtí. Mo gbà pé inú Bùrọ̀dá ti ń dùn díẹ̀ sí ọ̀rọ̀ náà.

Àǹtí nu ọwọ́ rẹ̀ nù, ìka kan tẹ̀lé ìkejì. "Yàrá wo?" ó ní. "Nǹkan ṣọ́ọ̀ṣì ló kún inú yàrá yẹn."

"A lè bá yín kó o, mà."

Ọkọ mi wúkọ́. Àǹtí kò wo èmi mọ́, Bùrọ̀dá ló kọjú sí. "Ìwọ náà," ó ní, "kí ló tilẹ̀ burú nínú ẹ̀wà? Ṣé kì í ṣe ẹ̀wà ni ìyá wa fi tọ́ gbogbo wa ni? Àwọn dókítà gan-an ń sọ ọ́ pé ẹran ò dára fún ọkùnrin tó bá ti ń dàgbà."

Mo ti rí ẹni tó yí padà lọ́kàn lójú ìsìn rí, ṣùgbọ́n n kò rí èyí tó yá tó bẹ́ẹ̀. Kò pẹ́ tó fi ní òun ní ìpàdé. Ó dé kúlà rẹ̀ padà, ẹran tó kù sì wà nínú rẹ̀. Bí ó ṣe gbé e wá ló ṣe gbé e lọ.

Nígbà tí ó lọ tán, ọkọ mi tẹ̀lé mi dé ìdí ìdáná. "O dójú tì wá," ó ní.

"Ta ni mo dójú tì?"

"Ẹbí."

"Nígbà tí ọmọ rẹ ń fi orókún gba awọ, ta ni ojú tì nínú ẹbí?"

Ó jáde lọ sí òpópónà, ó sì pẹ́ níbẹ̀. Ní Sátidé tó tẹ̀lé e, kí n tó wẹ̀ tán, ó ti mú báàgì ọjà, ó ní òun ń lọ sí Bádòrẹ̀. Ó ra ẹja náà bó ṣe yẹ. Ó jókòó sídìí àdògán, ó yan án, ó jó díẹ̀, ó sì gún un títí tí apá fi ń ro ó. N kò yìn ín. Ohun tí obìnrin ń ṣe lọ́sẹ̀ lọ́sẹ̀ tí ẹnikẹ́ni kì í yìn ín, n kò mọ ìdí tí ọkùnrin á fi ṣe é lẹ́ẹ̀kan kí á sì ké sí aládùúgbò.

Bùrọ̀dá jẹ ẹ̀wà rẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan sí i láìsọ ọ̀rọ̀ ẹ̀wọ̀n mọ́. Àwọn ọmọ ń jẹun tán kí ó tó kàn án, mo sì máa ń dúró níbẹ̀ títí tí ṣíbí tó kẹ́yìn á fi wọlé. Nígbà tó yá, ó ní ẹ̀fọn Ajah ti pọ̀ jù, ó kó lọ bá ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan ní Ìbẹ̀jú. Máníjà rẹ̀ kò pè é títí mo fi gbọ́ ìròyìn rẹ̀ kẹ́yìn. Wọ́n ní ó ń sọ fún àwọn èèyàn ibẹ̀ pé ìyàwó àbúrò òun mọ mọ́ínmọ́ín sè.

A tún gbé ọmọbìnrin wa lọ sí ilé ìwòsàn. Nọ́ọ̀sì kan náà ló wọ̀n ọ́n. Mo ti ń retí pé yóò bi mí ní nǹkan, mo tilẹ̀ ti to ìdáhùn sílẹ̀. Ó wo òṣùwọ̀n náà, ó kọ ohun tó rí, ó ní, "Ó ti gòkè. Ẹ má dáwọ́ dúró," ó sì pe ẹni tó kàn. Irun ọmọ náà ti ń dú láti ìdí.

Wọ́n padà pe ọkọ mi síbi iṣẹ́. Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ tó kọ́kọ́ gbowó, ó gbé ọ̀rá dúdú kan wọlé, ojú rẹ̀ dà bíi ti ọdẹ tó pa ẹfọ̀n. Ẹran màlúù ni. Mo sè é pẹ̀lú ẹ̀fọ́, n kò sì yọ ẹ̀wà kúrò nílẹ̀. Mo gé ẹran náà dọ́gbadọ́gba, mo bù ú sínú abọ́ gbogbo wa.

Ọkọ mi wo abọ́ tirẹ̀. Ó wo ti ọmọ tó kéré jù.

"Ó dà bíi pé tèmi àti ti ọmọ yìí ṣe déédéé," ó ní.

"Wọ́n ṣe déédéé ni."

Ó tún wò ó díẹ̀ sí i, ó ní, "Ó dáa," ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í jẹun. Àwọn ọmọ ti jẹ tiwọn tán, wọ́n ti sáré jáde.